Sólà àsandíẹ̀díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ó pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí tí mo ti ń lo iná sólà tí mo rà láwìn nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi tí kò jìnnà sí Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn oníbàárà mi, àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ mi àti àwọn òbí ọmọ iṣẹ́ mi ti bi mí léèrè nípa rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó yẹ kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ lè mọ ohun tó ń rà. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó tà á fún mi, nítorí pé àwọn tó ń tà á lọ́nà kan náà pọ̀, ọ̀nà títà yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò. Kí n sọ èrò mi síbẹ̀rẹ̀: ọjà náà dára, iná rẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì ti tún iṣẹ́ mi ṣe, ṣùgbọ́n okùn kan wà lára rẹ̀ tí ènìyàn kì í rí lọ́jọ́ tó bá ń fọwọ́ sí ìwé, ẹni tó mú orí okùn náà dání kò sì sí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tí mo rà ni páánẹ́lì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 250 wáàtì, ínfátà 1kVA, àti bátìrì lithium tó ń gba nǹkan bíi yúníìtì iná kan àti díẹ̀, tí wọ́n kó òun àti ínfátà pọ̀ sínú àpótí dúdú kan. Mo san 90,000 náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, mo sì gbà láti máa san 32,000 náírà lóṣooṣù fún ọdún méjì gbáko. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ lè san 610,000 náírà lẹ́ẹ̀kan náà kó sì gbé e lọ. Tí èmi bá san tèmi tán, 858,000 náírà ni yóò ti jáde lápò mi. Mo mọ̀ pé 248,000 ló fi lé, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú wọn kí n tó fọwọ́ sí i, mo sì fọwọ́ sí i síbẹ̀, nítorí ohun tí jẹnẹrétọ̀ kékeré mi ń jẹ lóṣù kan ju owó oṣù náà lọ.

Ẹni tó ń fi iná ṣiṣẹ́ kò lè gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ti kọjá 480. Nígbà tí mo fi máa lọ ra sólà, nǹkan bíi 700 ni à ń rà á níbí, lítà mẹ́ta lójúmọ́ sì ni jẹnẹrétọ̀ mi ń mu, èyí tó jẹ́ 54,600 náírà fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a fi ń ṣiṣẹ́ nínú oṣù. Kí ọdún náà tó parí, lítà kan ti kọjá 1,000, epo oṣù kan ì bá sì ti di 78,000. Mi ò tíì ka ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó ẹni tó ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì sọ̀rọ̀ ariwo tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí nípa ọrùn aṣọ rẹ̀.

Iná ìjọba ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ṣí ìsédò Kainji lórí odò Ọya ní ọdún 1969, iná tó ń ti ibẹ̀ wá jẹ́ ohun tí gbogbo àdúgbò jọ ń pín. Tó bá lọ, ilé olówó àti ilé tálákà a jọ ṣókùnkùn, tó bá dé, gbogbo ọmọdé òpópónà a jọ ké "Up NEPA!" Jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ fọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fi pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, nígbà tó sì di ọdún 2020 wọ́n pín gbogbo wa sí ìsọ̀rí márùn-ún, láti A dé E. Àwọn tó wà ní A ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí ogún fún lójúmọ́, àwọn tó wà ní E sì ni wákàtí mẹ́rin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì kan fún ìsọ̀rí A fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ìsọ̀rí báyìí jọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ipò: ẹni tó bá ń wá ṣọ́ọ̀bù tàbí yàrá máa ń béèrè ìsọ̀rí iná kó tó béèrè omi, àti ní Under-G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, mo ti rí ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri pé àwọn ní sólà, bí ẹni ń polówó ọjà. Ṣọ́ọ̀bù mi kò sí ní A. Iná máa ń dé, ṣùgbọ́n mi ò lè fi àkókò tó máa dé ṣe àdéhùn fún oníbàárà, télọ̀ tí kò bá sì lè ṣe àdéhùn ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ kó tó gé aṣọ.

Iṣẹ́ àwọn tó wá gbé e ró dára gan-an, mo sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún un. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló wá, ọmọ ìlú yìí ni wọ́n, wọ́n sì lo odindi ọjọ́ kan. Wọ́n gun orí páànù, wọ́n wo ibi tí òjìji igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé máa ń dé lọ́sàn-án, wọ́n sì tẹ páánẹ́lì sí ọ̀nà gúúsù pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Wọn kò jẹ́ kí wáyà kankan fi ara kan páànù, wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà bò ó, wọ́n sì ri irin kan mọ́lẹ̀ nítorí àrá. Ọ̀kan nínú wọn pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jọ, ó sì fi han wọn bí a ṣe ń fi aṣọ rírọ̀ àti omi lásán nu páánẹ́lì ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà ọyẹ́, kí oòrùn tó mú un gbóná. Mo kọbi ara sí ìmọ̀ràn yẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní tó kọjá, eruku bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tí a kò nù ún, bátìrì tó máa ń kún ní agogo kan ọ̀sán kò sì kún títí di agogo mẹ́rin.

Ní ti iṣẹ́ òòjọ́, mo ń fi iná náà yí ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tó ní mọ́tò kékeré, máṣíìnì kan tí a fi ń wífù etí aṣọ, fáànù méjì àti gílóòbù mẹ́fà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní ìṣòro kankan. Nígbà òjò, pàápàá ní oṣù Kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mo máa ń pa fáànù, mo sì máa ń fi iṣẹ́ máṣíìnì sí ọ̀sán, kí ohun tó kù nínú bátìrì lè tó gílóòbù alẹ́. Kí ẹni tó ń tà á má ṣe tàn yín pé ọjọ́ gbogbo ló rí bákan náà.

Ohun tí kò lè ṣe ni áyọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé e ró, ọmọ iṣẹ́ mi kan ki áyọ́ọ̀nù 1,200 wáàtì bọ inú rẹ̀. Àpótí náà ké fíì-fíì lẹ́ẹ̀mẹta, iná pupa yọ lójú rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì dákẹ́. Kò bàjẹ́, ó tan padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti padà sídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú tí mo bá lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀rọ tuntun láti òkè òkun ń rán aṣọ, èédú láti inú igbó Òkè-Ògùn sì ń lọ̀ ọ́. Tí ẹ bá jẹ́ télọ̀, ẹ fi owó èédú kún ìṣirò yín kí ẹ tó gbà pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó agbára.

Obìnrin tó ń lọ ata ní ẹ̀gbẹ́ mi kò lè lo irú rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ ìlọta ń fẹ́ agbára tí àpótí mi kò ní, èyí tó lè gbé e sì jẹ́ ọ̀pọ̀ ìlọ́po owó tí mo san. Epo ló ṣì ń rà. Nígbà tí epo gbówó lórí, ó fi owó kún owó ìlọta. Èmi kò fi kún owó ìránṣọ mi. Kí a tó mọ̀, àwọn ènìyàn ń sọ pé oníwọ̀ra ni, bẹ́ẹ̀ a jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ páànù kan náà ni. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí àwọn ọmọ òpópónà bá kó fóònù wá gba iná lọ́dọ̀ mi ní alẹ́, tí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta láti ka ìwé wọn. Inú mi ń dùn sí i, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé ojú rere aránṣọ kan ni ọmọ ilé-ìwé yóò fi rí iná kàwé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí orí okùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àpótí náà ní bọ́tìnì nọ́ńbà bíi ti fóònù àtijọ́. Tí mo bá sanwó oṣù, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù mi, mo á tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, àpótí á sì ka ọgbọ̀n ọjọ́ fún mi. Ó ń ka ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, bí íntánẹ́ẹ̀tì wà tàbí kò sí. Tí ọjọ́ bá pé tí kóòdù tuntun kò dé, á ti ara rẹ̀ pa. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, pàápàá Kẹ́ńyà, ni irú títà yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2012, nítorí pé M-Pesa ti jẹ́ kí àwọn ará oko máa fi fóònù sanwó níbẹ̀ láti ọdún 2007. Mo gbà pé ọgbọ́n ńlá ni. Láìsí kóòdù yìí, kò sí oníṣòwò tó máa gbé ọjà tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà fún télọ̀ tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ láti fi dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó márùndínlógójì wà lórí tábìlì mi, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sì fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni owó oṣù mi pé. Mo fi owó ránṣẹ́ ní àárọ̀, báńkì yọ ọ́, ṣùgbọ́n kóòdù kò dé. Nígbà tó di òru, àpótí ti ara rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, oòrùn ràn yòò sórí páánẹ́lì, iná aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé bátìrì ti kún ń tàn lójú àpótí, kò sì sí máṣíìnì kan tó lè yí. Agbára wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, oòrùn tó dá a jẹ́ ti Ọlọ́run, owó rẹ̀ ti kúrò lápò mi, mi ò sì lè lò ó.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà jẹ́ ẹni tí mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa ní Ọjà Jagun. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà," ló wí, "mo rí owó yín níbí, ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè ṣí i láti Ògbómọ̀ṣọ́. Èkó ni kóòdù ti ń wá." Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ò lè fún mi ní ti ọjọ́ kan péré, kí n fi parí aṣọ yìí?" Ó fi fóònù ara rẹ̀ pe Èkó lẹ́ẹ̀mẹrin lójú mi, orin ni wọ́n ń fi sétí rẹ̀. Ojú ń tì í, mo rí i lójú rẹ̀. A yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, a kò sùn, aṣọ mẹ́fà ni a sì fi ọwọ́ rán etí rẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni kóòdù dé. Nígbà tí mo ka ọjọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí owó oṣù pé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, tó fi jẹ́ pé mo sanwó ọjọ́ tí mo fi wà nínú òkùnkùn. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n tọrọ àforíjì, wọn kò sì dá ọjọ́ náà padà títí di òní.

Gbèsè kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa, ìlú oníṣòwò sì ni Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn bàbá wa tó lọ ṣòwò títí dé òkè Gáńà, kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní ọdún 1969, ta ọjà láwìn, wọ́n sì rà láwìn. Láyé àtijọ́, ẹni tí a jẹ ní gbèsè lè rán ológò lọ dógò ti onígbèsè, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó máa yọ ọ́ lẹ́nu títí owó yóò fi jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ káàkiri ni a sọ ní òṣómàáló, nítorí orí ìlóṣòó ni wọ́n ń wà títí owó wọn yóò fi pé. Ìyọnu ni, ìtìjú ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó lóṣòó náà ní ojú tí a lè wò àti etí tí a lè fi ọ̀rọ̀ sí. Baálé ilé lè jáde wá bá ni bẹ̀ ẹ́, ènìyàn lè fi ìdajì lé e lọ́wọ́ kó sì mú ọjọ́ fún ìyókù, bí a bá sì ti sanwó, ó di dandan kó dìde, nítorí gbogbo àdúgbò ń wò ó. Òṣómàáló tó wà nínú àpótí mi kò rí ẹnikẹ́ni. Ó lè lóṣòó ti ẹni tó ti sanwó láìmọ̀, ọmọ ìlú tí wọ́n sì fi síwájú láti máa gba ẹ̀bẹ̀ wa kò ní àṣẹ tó tó ti ọmọ iṣẹ́ mi tó ń ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀.

Ibi tí agbára ti ń lọ kúrò lọ́wọ́ wa nìyẹn, mi ò sì rò pé nínú sólà nìkan ló wà. Ní Òkè-Ògùn, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà, wọ́n ń wa òkúta tó ní lithium jáde nínú ilẹ̀. Ó ń lọ gẹ́gẹ́ bí òkúta, bátìrì sì ń padà wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣáínà ló ń ṣe ohun tó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èròjà tí gbogbo ayé fi ń ṣe páánẹ́lì. Dọ́là ni a fi ń rà wọ́n, nígbà tí náírà sì já láti nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan ní ìdajì ọdún 2023, tó fi kọjá 1,400 láàárín oṣù mẹ́sàn-án, owó sólà gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Òfin iná mànàmáná tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa ṣètò iná tiwọn. Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Ìbàdàn rántí pé iná tó wà nínú àpótí náà jẹ́ iná, kí wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹni tó bá ti sanwó kò gbọdọ̀ wà nínú òkùnkùn nítorí kóòdù tó pẹ́, àti pé ọ́fíìsì tó bá ń gba owó ní ìlú kan gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti ṣí ohun tó tà níbẹ̀.

Ẹ̀rí ìdánilójú tí wọ́n fún mi jẹ́ ọdún méjì péré. Oṣù tí gbèsè mi bá parí ni tiwọn náà yóò parí, èyí kò sì dára tó, nítorí pé bátìrì lithium tó jẹ́ ojúlówó yẹ kó lò ju ìyẹn lọ dáadáa. Mo béèrè bóyá wọn yóò fún mi ní kóòdù àṣekágbá tí kò ní jẹ́ kí àpótí tún ti ara rẹ̀ mọ́ láé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n kọ ọ́. Ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sínú tiyín náà, kí ẹ sì bi wọ́n ṣáájú ohun tí wọ́n máa ṣe tí owó bá wọlé tí kóòdù kò sì dé.

Tí ẹnì kan bá tún bi mí bóyá kó rà á, mo máa ní kó rà á. Nínú máàkì márùn-ún, mo fún iná náà ní mẹ́rin ààbọ̀, mo fún àwọn tó gbé e ró ní márùn-ún, mo sì fún ètò kóòdù wọn ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá lè rí owó rẹ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ṣe gbà á láwìn. Mo ti san 570,000, oṣù mẹ́sàn-án ló kù fún mi, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ ìsan ni mo sì ti ń fi owó ránṣẹ́ láti oṣù Kejìlá yẹn. Àwọn télọ̀ mẹ́fà ní òpópónà wa ti bẹ̀rẹ̀ àjọ báyìí, tí ẹni tó bá kó o yóò fi ra tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìní bọ́tìnì nọ́ńbà kankan lójú rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, obìnrin tó ń lọ ata sì ti ní kí n kọ ti òun náà mọ́ ọn, kí òun máa tọ́jú owó ẹ̀rọ ńlá sí i.